Lẹ́tà ṣíṣí sí Olùdarí Àgbà ilé-iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ wá ṣí ọ́fíìsì n'Ìbàdàn

Ẹ̀yin Olùdarí Àgbà, àti ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tí ẹ jọ ń darí ilé-iṣẹ́ náà,

A kí yín o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ìkíni ò ní pẹ́ lẹ́nu wa lónìí, torí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ń ká wa lára.

Ẹ kéde pé ẹ máa ṣí ọ́fíìsì sí àdúgbò Challenge. Inú wa dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ so ohun méjì mọ́ ìkéde náà tó já wa láyà. Èkíní, láti oṣù tó ń bọ̀, agbanisíṣẹ́ yòówù lè gbé àyè iṣẹ́ sórí ìkànnì yín lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì jáde lójú ẹsẹ̀ láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì, ẹni tó ń wáṣẹ́ yóò máa san 2,500 náírà lóṣù bó bá fẹ́ kí síìfí (CV) òun wà lókè, níbi tí ojú àwọn agbanisíṣẹ́ yóò ti tètè bà á. Ẹ ní ìdàgbàsókè ni, ẹ sì ka iye síìfí tó wà lọ́wọ́ yín fún wa bí ẹni ń ka owó.

Àwa tí a ń bá àwọn ọmọ tẹ síìfí ní Agbowó, ní Sángo àti ní Bódìjà, àti àwa tí a ń gbani síṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Olúyọ̀lé àti Ring Road, la kọ ìwé yìí. Ojoojúmọ́ la ń lo ìkànnì yín. A mọ ibi tó dára, a sì mọ ibi tó ti ń jò.

Wọ́n máa ń sọ nípa ìlú wa pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ẹ máa bọ̀, ẹ wá jèrè. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń kì í pé ibi tí olè gbé ń jàre olóhun. Èyí la ò fẹ́ kí ẹ sọ di òótọ́ lórí ìkànnì yín. Ohun tó ń dùn wá rèé.

1. Owó tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò níṣẹ́.

Òwò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Ìkànnì ìgbanisíṣẹ́ Monster bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1994, LinkedIn ṣílẹ̀kùn ní 2003, Indeed ní 2004. Lọ́dọ̀ tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ló dá Jobberman sílẹ̀ ní 2009, nígbà tí àwọn olùkọ́ wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó mú irú ìkànnì báyìí gbòòrò ni pé agbanisíṣẹ́ ló ń sanwó, tí ẹni tó ń wáṣẹ́ sì ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ní LinkedIn náà ń ta àfikún fún ẹni tó bá fẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó tó ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ló gbé e ró. Bí ẹ bá yí i padà, nǹkan méjì ni yóò bàjẹ́.

Àkọ́kọ́, ẹni tó bá ríṣẹ́ lónìí kò ní san ti oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí kò rí ni yóò máa san lọ. Bó bá fi oṣù mẹ́fà wáṣẹ́, 15,000 náírà ti wọ àpò yín, bó bá sì tètè ríṣẹ́, ẹ pàdánù. Ǹjẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń jẹun báyìí yóò kánjú bá a wáṣẹ́? Èkejì, bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá fẹ́ iṣẹ́ akọ̀wé kan, tí àádọ́rùn-ún nínú wọn sanwó kí wọ́n lè wà lókè, òkè dà? Gbogbo wọn ti san, wọ́n sì padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Àwọn mẹ́wàá tí kò ní 2,500 nìkan ló yí padà, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n bá ara wọn, bó ti wù kí wọ́n mọ iṣẹ́ náà tó.

A ò tíì gbàgbé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 2014. 1,000 náírà ni wọ́n gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ olúkúlùkù ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àjọ Immigration. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ènìyàn tó fọwọ́ sí i, àyè iṣẹ́ kò sì ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Wọ́n kó wọn jọ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè, àwọn kan sì kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin. Nígbà tí ẹni tó ń gba fọ́ọ̀mù wọlé bá ń jèrè lórí fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, kò sí ìdí tí yóò fi sọ fún ẹnikẹ́ni pé ibẹ̀ ti kún.

Àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, fẹnu kò ní 1997 nínú Àdéhùn 181 pé ilé-iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ aládàáni kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ìbáà ṣe ní tààrà tàbí lọ́nà ẹ̀bùrú, àfi níbi tí ìjọba bá dìídì yọ̀ǹda fún irú àwọn òṣìṣẹ́ kan. Ẹ kà á, abala keje ni.

2. Ilẹ̀kùn tí ẹ fẹ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu fún àwọn oní-gbájúẹ̀.

Ibí yìí la ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti lè bọ́.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan á wọlé ní ìrọ̀lẹ́: wọ́n ti yàn ọ́ fún íntáfíù ní aago mẹ́sàn-án ọ̀la, mú síìfí rẹ dání, bí o bá dé kí o béèrè ọ̀gá báyìí-báyìí. Kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ níbẹ̀, wọn ò sì sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́. Nọ́ńbà tí wọ́n so mọ́ ọn kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ọmọ náà á lọ aṣọ funfun lóru, á wọ Micra láàárọ̀, á débẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé kan ni. Yóò bá ọgbọ̀n ènìyàn lórí àga oníke, pátákó funfun kan níwájú, ọkùnrin kan tó so táì ń ya róbótó mẹ́ta sábẹ́ róbótó kan: ìwọ nìyí lókè, àwọn tí o máa mú wá nìyí nísàlẹ̀. Wọ́n á ní kó ra fọ́ọ̀mù, kó sì ra àpò oògùn ìlera tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kankan kò sí níbẹ̀. Ẹni tí orí yọ nìyẹn, tó pàdánù owó ọkọ̀ àti ọjọ́ kan. Ní 2021, ní Uyo, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń wáṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ síbi tí wọ́n pè é sí fún íntáfíù. Wọ́n pa á níbẹ̀.

Gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí ìkéde onígbájúẹ̀ àti ti ọmọlúàbí bá jọ wà lórí ìkànnì yín, pẹ̀lú àwọ̀ kan náà àti lẹ́tà kan náà, orúkọ yín ni ọmọ náà yóò gbọ́kàn lé. Ẹ̀yin lẹ yá wọn ní orúkọ náà.

Yíyẹ̀wò yìí kò le. Àwa tí a ń ṣe é mọ̀ pé kì í gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ lórí agbanisíṣẹ́ kan. Ẹ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, RC bó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, BN bó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán, kí ẹ sì wá a lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo bóyá orúkọ inú rẹ̀ bá ti ìkéde mu, kí ẹ wo bóyá wọ́n kọ "inactive" sí i, èyí tó sábà máa ń túmọ̀ sí pé kò fi ìròyìn ọdọọdún rẹ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró níbẹ̀! Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ gidi ni oní-gbájúẹ̀ máa ń jí kọ sílẹ̀. Torí náà, ẹ wá nọ́ńbà fóònù ilé-iṣẹ́ ọ̀hún fúnra yín níbòmíràn, kí ẹ pè é, kí ẹ béèrè bóyá àwọn ló ń wá òṣìṣẹ́. Ẹ má pe èyí tó wà nínú ìkéde, torí òun náà ni yóò gbé e. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìmeèlì: bó bá ń pe ara rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ńlá, tó sì ń lo Gmail, ẹ bi í léèrè. Bó bá ní àdírẹ́sì ìkànnì tirẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ní òun ti wà láti ogún ọdún, tí àdírẹ́sì rẹ̀ ò tíì pé oṣù kan, ẹ dá a dúró. Fún àwọn tó wà n'Ìbàdàn, ẹ ó ti ní ọ́fíìsì níbí. Ẹ fi ẹnì kan sórí ọ̀kadà, kó lọ wo ilé náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Ìkéde àkọ́kọ́ látọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ méjì kó tó jáde. Èyí tó bá sì dárúkọ owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó aṣọ iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó jáde rárá.

3. Ohun tó wà nínú síìfí.

Ẹ ń ta ìwọlé sí àpótí síìfí fún àwọn agbanisíṣẹ́. Kí ló wà nínú síìfí ọmọ Nàìjíríà? Orúkọ mẹ́ta, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì ilé pẹ̀lú ibùdókọ̀ tó súnmọ́ ọn jù, nọ́ńbà fóònù méjì, ìlú baba rẹ̀, bóyá ó ti ṣègbéyàwó, àti orúkọ àti nọ́ńbà ènìyàn mẹ́ta tó lè jẹ́rìí rẹ̀. Àwọn mìíràn tún ń kọ NIN sí i. Gbogbo ohun tí ajínigbé tàbí oníjìbìtì ń wá ló ti tò sílẹ̀ lójú ìwé kan. Ibẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn ti ń rí nọ́ńbà pè.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 ti sọ ojúṣe yín. Bí wọ́n bá jí dátà kó lọ́wọ́ yín lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni ín lára, ẹ ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72. Ẹni tó bá ní kí ẹ pa tòun rẹ́ sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Lórí ìkànnì yín lónìí, bọ́tìnì "pa àkáǹtì rẹ́" wà, àmọ́ síìfí ẹni náà ṣì ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí àwa agbanisíṣẹ́ bá wá a. A ti dán an wò. Ẹ pa á rẹ́ ní ti gidi.

Kí ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì pamọ́. Kí agbanisíṣẹ́ rí iṣẹ́ tí ẹni náà mọ̀ àti ibi tó ti ṣe é, kó fi ìbéèrè ránṣẹ́, kí nọ́ńbà tó ṣí nígbà tí ẹni náà bá gbà.

4. Orúkọ wa.

Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kì í ṣe kékeré fún ẹni tí wọn ò rí síìfí rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ kan bá kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, Bọ́lánlé, tó sì gbé síìfí náà sókè, ẹ̀rọ yín a sọ ọ́ di B??l?nl?. Ìdí nìyí: á àti é ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ètò lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní. Ọ lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀, ló ṣe di àmì ìbéèrè méjì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún A sí Z nìkan kò mọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Agbanisíṣẹ́ tó bá tẹ "Bolanle" kò ní rí ẹni náà láé. Ní báyìí, ohun tí a ń sọ fún àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n yọ àmì kúrò lórí orúkọ tí bàbá wọn fún wọn. Ojú ń tì wá láti sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni àtúnṣe rẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n: kí gbogbo ìkànnì máa lo UTF-8, ìlànà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ lẹ́tà gbogbo èdè, láti fọ́ọ̀mù dé ibi ìpamọ́, kí ẹ yí orúkọ sí ìrísí NFC, kí orúkọ kan náà má baà wà ní ọ̀nà méjì, kí ẹ tó fi í pamọ́, kí ẹ sì ní òpó (column) kejì tí a ti yọ gbogbo àmì kúrò fún wíwá nìkan. Òpó kejì yìí náà lẹ ó fi bá orúkọ orí NIN mu, torí NIN kì í ní àmì.

Nígbà tí ẹ bá wà nídìí rẹ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀ àwòrán náà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ló ń ya fọ́tò síìfí pẹ̀lú fóònù, tí wọ́n á sọ ọ́ di PDF. Ẹ̀rọ yín kò lè ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán, òfìfo ló ń rí. Kò sì sọ fún wọn! Ó ń kọ "ó ti wọlé" sí i. Ọmọ yóò fi oṣù mẹ́ta retí ìpè lórí síìfí tí ẹnikẹ́ni kò lè rí kà. Ìlà kan péré ni yóò gbà láti sọ pé "a ò rí ọ̀rọ̀ kankan nínú fáìlì yìí, jọ̀wọ́ tẹ̀ ẹ́."

5. "Ìbàdàn" kì í ṣe àdírẹ́sì.

Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà nínú Ìbàdàn, márùn-ún láàárín ìgboro, mẹ́fà ní ẹ̀yìn ìlú. Ẹni tó ń gbé ní Mọníyà tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn Toll Gate, ìlú lọ́tọ̀ ló ń lọ lójoojúmọ́. Lórí ìkànnì yín, "Ìbàdàn" ni gbogbo rẹ̀. A ti rí èyí tí wọ́n kọ Ìbàdàn sí, tó jẹ́ pé Ṣàgámù ni ilé-iṣẹ́ náà wà.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ká ní iṣẹ́ kan ń san 70,000 náírà, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin láti 2024. Ká ní owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 2,000, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù. 52,000 ti lọ. 18,000 ló kù fún oúnjẹ, ilé àti iná. Ẹni tó bá mọ ibi iṣẹ́ àti iye owó oṣù ṣáájú kò ní lọ, agbanisíṣẹ́ náà kò sì ní pàdánù òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwa tí a ń gbani síṣẹ́ ló ń sọ ọ́: ìdí tó pọ̀ jù tí wọ́n fi ń sá lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ibùdókọ̀ àti owó oṣù di dandan lórí ìkéde. "A ó jọ sọ ọ́" kì í ṣe owó oṣù.

6. Àwọn tí fọ́ọ̀mù yín kò ní àyè fún.

Ẹni tó ka ìwé ní Pólì Ìbàdàn kò rí HND nínú àwọn ohun tí ẹ ní kó yàn, "Òmíràn" ló ń tẹ̀. Wẹ́dà, rewáyà, télọ̀ tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́, tó ṣe fírídọ́ọ̀mù, tó sì ní ìwé Trade Test ìjọba, kò níbi tó fẹ́ kọ ọ́ sí rárá. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ Olúyọ̀lé ń wá kiri.

7. Ohun tí ẹ ń kà.

Ní gbogbo ìkéde yín, a ò rí ibì kan tí ẹ ti sọ iye ẹni tó ríṣẹ́. Síìfí lẹ kà. Síìfí kì í ríṣẹ́, ènìyàn ló ń ríṣẹ́. Iye ìkéde pàápàá kò ṣeé gbára lé: iṣẹ́ kan náà ni aṣojú mẹ́ta ń gbé jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó ti kún láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ṣì wà lójú ìwé kìíní, torí agbanisíṣẹ́ ń tẹ bọ́tìnì "tún un gbé jáde" lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, CareerBuilder àti Monster, tí wọ́n ti da ara wọn pọ̀, lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà pé àwọn wọ gbèsè tí àwọn ò lè san. Orúkọ wọn kò kéré, kì í sì í ṣe síìfí ló wọ́n wọn.

Kí ìkéde kọ̀ọ̀kan kú lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Kí agbanisíṣẹ́ tó fẹ́ tún un gbé jáde kọ́kọ́ dáhùn: ṣé ẹ ti rí ẹnì kan gbà? Ta ni, láti inú àkáǹtì wo? Àwọn ìdáhùn yẹn ni kí ẹ máa tẹ̀ jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ti Ìbàdàn lọ́tọ̀.

Ohun tí a ń béèrè, kí ọ́fíìsì Challenge tó ṣílẹ̀kùn: kí ẹ fagi lé 2,500 náírà yẹn, kí ẹ sì dá a padà fún àwọn tó ti san ṣáájú. Kí ẹ dá ìkéde láìyẹ̀wò dúró. Kí ẹ fi nọ́ńbà ìwé àṣẹ tí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ aládàáni sí ìsàlẹ̀ ìkànnì yín, kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Nọ́ńbà fóònù tí ẹ ń fi hàn fún gbogbo ayé, kí ẹ bò ó lọ́sẹ̀ yìí, torí ìyẹn kò lè dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀. Èyí tó kù, ti orúkọ, ti ibùdókọ̀, ti HND, ti iye ẹni tó ríṣẹ́, a fún yín ní oṣù mẹ́ta.

Àwọn ìkéde ayédèrú tí a rí lórí ìkànnì yín ti wà nínú fáìlì lọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú ọjọ́, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà tí wọ́n fi pe àwọn ọmọ. Ẹ yan ọjọ́ àti ẹni tí ẹ máa rán, a ó gbé e wá.

Àwa ni,
Àwọn atẹ síìfí àti àwọn tó ń gbani síṣẹ́, Ìbàdàn